Bàbá Mi, Ẹ Má Gé Àpáta Ẹ̀yìn Ilé Lẹ́sẹ̀ Mọ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú òjò àkọ́rọ̀ tí wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbájọ, ẹ kú ìmúra oko. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun, orúnkún mi kan ilẹ̀ dáadáa bí ẹ ò tilẹ̀ rí mi. Màmá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú ọkọ yín. Kúnlé, àbúrò mi, mo kí ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bàbá Tóbi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tóbi alára ní kí n sọ fún bàbá àgbà pé eyín iwájú òun ti ká, òun ò sì sunkún. Irọ́ ni o, ó sunkún.

Ẹ má bínú pé ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń gbé sórí Wásáàpù ni mo gbà bá yín sọ̀rọ̀ ní gbangba. Kí ni kí n ṣe? Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ àpáta ẹ̀yìn ilé ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, ẹ ò gbé fóònù mi mọ́. Màmá ló ń bá yín gbé e, wọ́n á ní ẹ ti lọ sóko, èmi á sì máa gbọ́ ikọ́ yín ní pálọ̀. Bàbá, mo mọ ikọ́ yín! Àmọ́ mo mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ kì í fi ìwé ìròyìn yìí ṣeré, pé ẹ máa ń kà á sókè fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ìpolówó pósí. Ẹ wá ka tèmi náà. Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan ló fẹ̀yìn ti òkè ní ìlú wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbẹ́ ẹ̀yìn ilé tirẹ̀ lọ́wọ́, kó fa àga kó bá wa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó fún àwọn tí kò mọ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé èmi, ọkọ mi àti ọmọ mi ń bọ̀ wálé ṣọdún Kérésì. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní ti òkè òkun dé kó wá sun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owó tí mo fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi pààrọ̀ páànù ilé ìdáná, Bàbá yí i sí owó yàrá tuntun, yàrá ńlá tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ nínú. Iwájú ilé kò ṣe é kọ́: sàréè bàbá wọn wà níbẹ̀, igi obì tí bàbá wọn gbìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìdílé tiwa, ẹnì kankan kì í gbé ṣọ́bìrì débẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló kù, ẹ̀yìn ilé sì rèé, àpáta ni. Kúnlé bá kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n to ògbólógbòó táyà sí ẹsẹ̀ àpáta, wọ́n dáná sun ún. Nígbà tí ó gbóná dáadáa, wọ́n da omi tútù lù ú, ó ń dún bí ìbọn, ó ń là. Wọ́n wá fi òòlù àti díga kó èyí tó là kúrò. Bí a ṣe ń fọ́ òkúta lọ́dọ̀ wa nìyẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ibẹ̀ fẹ̀ tó, Kúnlé fi fídíò pè mí kí n wá wo ibi tí yàrá mi máa wà. Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Mo wo ojú àpáta tí wọ́n gé. Ìpele ìpele ni òkúta yẹn, gbogbo ìpele náà ló sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sápá ilé. Omi ń sun láàárín wọn. Mo ní kí Kúnlé gbé fóònù sókè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Màmá tó wà lórí òkè náà ti tẹ̀ síwájú, ilẹ̀ ẹ̀yìn wọn sì ti là, ojú ibi tó là náà ṣì tútù. Mo pariwo. Mo ní kí wọ́n fi díga sílẹ̀, kí Màmá kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá ní àwọn ò lè kó kúrò láìjẹ́ pé olórí ilé sọ̀rọ̀.

Bàbá, ẹ gba fóònù. Ẹ ní ṣé àpáta tí bàbá yín bá níbẹ̀, tí bàbá bàbá yín bá níbẹ̀, ni yóò wá ṣubú nítorí yàrá kan ṣoṣo. Ẹ ní ilé tó fẹ̀yìn ti àpáta ti rí ẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹ ní kí n dákẹ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bí yín, ẹ kí mi kú ìmọ̀, ẹ kí mi kú òkè òkun, ẹ sì gé fóònù. Háà! Èmi tí ẹ ń pè ní Àjọkẹ́ láti kékeré! Ó dùn mí wọra. Ká ní ẹ bú mi ni, ì bá sàn.

Tóò, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí ìmọ̀ tí ẹ kí mi kú yẹn. Ẹ mọ̀ pé mo ti kúrò nídìí iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, pé iṣẹ́ òkúta ni mò ń ṣe ní Wales níbí. Ẹ sì ti fi rẹ́rìn-ín dáadáa, pé ká ní n kò tíì lọ́kọ ni, ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ń fọ́ òkúta. Bàbá, kì í ṣe fífọ́. Lílà ni. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan wà níbí tí wọ́n fi ń bo ilé dípò páànù. Wọ́n á gbé odindi rẹ̀ wá síwájú mi, èmi á fi ojú wá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, màá ti irin pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, màá fi òòlù onígi kàn án díẹ̀, yóò sì ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí mo bá gba ibòmíràn, yóò fọ́ wúruwùru, ọ̀gá á sì fi ojú burúkú wò mí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀gá ti fi ojú burúkú wò mí gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ó tọ́ sí mi: níbi iṣẹ́ wa, èmi ni wọ́n ń gbé òkúta olórí kunkun fún.

Òjò ibí kò dà bí ti ilé. Kì í rọ̀ kó dá, ṣe ló máa ń sin ni lọ, tí yóò tún sin ni bọ̀. Òtútù rẹ̀ máa ń wọ egungun. Tí mo bá ti kúrò nílé mi, n kì í gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí náà òkúta ni mò ń bá sọ Yorùbá. Màá ní kó ṣí fún mi, jọ̀ọ́. Bàbá arúgbó kan tí a jọ ń jókòó, Emrys lorúkọ rẹ̀, bi mí léèrè ohun tí jọ̀ọ́ jẹ́. Mo sọ fún un. Òun náà ti ń bẹ òkúta tirẹ̀ báyìí, ó ní òkúta náà ń gbọ́. Bàbá Emrys yìí ló kọ́ mi níṣẹ́, òun àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó máa ń wá yẹ ara òkè wò kí wọ́n tó gbà wá láàyè láti wọ ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kì í ṣe bí a ṣe ń là á. Wọ́n ní kí n máa wo ibi tí ìpele kọjú sí kí n tó gbé ẹsẹ̀ síbikíbi.

Ohun kejì nìyí. Òkúta kì í dúró bí wọ́n ṣe dá a. Bí ó bá rì sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ó gbóná, tí ẹrù ilẹ̀ sì wúwo lórí rẹ̀, yóò yí padà di òkúta mìíràn, láìjẹ́ pé ó yọ́. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sọ́dọ̀ amọ̀kòkò, ẹ ó tètè mọ̀ ọ́n. Amọ̀ wọ iná, ó jáde ní ìkòkò. Kò yọ́, kò ṣàn, síbẹ̀ kò lè padà di amọ̀ mọ́. Ohun tí òkúta jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti ibi tí ó ti jẹ ìyà ooru àti ẹrù yẹn ni yóò sọ ohun tí ó máa dà. Ibi ìyà wọ̀nyẹn kò sì rí bákan náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ibì kan wà tí ilẹ̀ ti ń ti ilẹ̀, ibẹ̀ ni òkè ńláńlá ti ń hù. Ẹrẹ̀ tó bá há sáàárín irú wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ á fi dọ̀bálẹ̀ sí apá kan náà. Ìyẹn ló di òkúta òrùlé tí mò ń là níbí. Bí ó bá tún rì jìn sí i, tí ooru pọ̀ sí i, àwọn ẹ̀yà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á dàgbà, wọ́n á máa dán gbinrin. Tiwa ní Ìgbájọ nìyẹn. Ibòmíràn sì wà tí ilẹ̀ kò ti ilẹ̀ rárá: òkúta yíyọ́ ló ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, tó gbóná janjan, tó wá sun gbogbo òkúta tó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá sun báyìí kì í ní ìpele. Ó dì pọ̀, ó le, bí ẹ bá lù ú yóò ta díga padà. Ibì kan tún wà tí ilẹ̀ ti là, tí apá kan ń ha èkejì, òkúta tó bá bọ́ sáàárín wọn á di lílọ̀ bí ata. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ló máa ń gba inú òkúta kọjá tí yóò sì sọ ọ́ di rírọ̀, tí a lè fi ọ̀bẹ gbẹ́. Irú òkúta rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ère Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tiwa níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Emrys pé àwọn èèyàn wa ti mọ èyí tó ṣe é gbẹ́ láyé àtijọ́, ó ṣí fìlà.

Ẹ wá bá mi padà sí ẹ̀yìn ilé wa. Oríṣi òkúta méjì ló wà nínú àpáta yẹn. Èyí funfun tó le, iyanrìn ni tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń dán, tó ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹrẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ìyà kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ, wọ́n kàn jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Funfun jókòó sórí dídán, dídán jókòó sórí funfun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n to ara wọn lọ sókè. Kúnlé, ṣé o rántí pé a máa ń ha èyí tó ń dán yẹn, tí èmi á fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àtíkè tí mo bá ń ṣe ìyàwó nínú eré? Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, àbí kò yọ̀? Màmá náà kò fi òkúta ẹ̀yìn ilé ṣe ààrò rí. Odò ni wọ́n ti máa ń ru tiwọn wá, wọ́n ní ti ẹ̀yìn ilé máa ń bó sínú ọbẹ̀. Ẹ ò rí i? Gbogbo wa la mọ ìwà òkúta yẹn. A kàn rò pé ìwà rẹ̀ kò kan òkè lódindi ni.

Bàbá, ohun tí ẹ sọ pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì ní èsì. Ẹ ní kí Màmá to ewé ẹ̀kọ tútù léra wọn sínú atẹ, kí wọ́n gbé ẹ̀yìn atẹ náà sókè díẹ̀. Ewé náà kò ní lọ síbì kankan, nítorí etí atẹ dì í mú. Ẹ wá gé etí atẹ náà kúrò, kí ẹ wọ́n omi sí ewé, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ àpáta tí Kúnlé gbẹ́ kúrò yẹn ni etí atẹ. Òun ló ń dì í mú láti ayé bàbá yín. Àpáta kò ṣubú láyé tiwọn nítorí wọn kò gé e lẹ́sẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò lè ṣubú.

Kúnlé fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìjà yẹn, ó ní tí iná bá ń yí òkúta padà, ṣebí iná táyà ti sọ tiwa di líle sí i. Aláwàdà! Iná abẹ́ ilẹ̀ ń sun òkúta pẹ̀lú ẹrù lórí, ó sì ń pẹ́ ju ohun tí ẹnu lè ròyìn lọ. Kò sí àyè tí òkúta fẹ́ là sí. Iná táyà ojú rẹ̀ nìkan ló ń sun, omi tútù sì tún dé bá a lójijì. Ìpele tó pa ẹnu dé tẹ́lẹ̀ ló ń ṣí, kí omi òjò lè rí ọ̀nà wọlé. Iná yín ti ṣe ohun tí irin mi máa ń ṣe níbí, ó ti bá òkúta wá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ti la òkúta tó, Bàbá. Mo mọ èyí tó ti ṣe tán láti ṣí, ó sì dá mi lójú bí orúkọ mi.

Mi ò ní kí gbogbo Ìgbájọ máa sá kiri o. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì òkè, tí ìpele òkúta kọ ẹ̀yìn sí, tó ń wọnú òkè lọ, tirẹ̀ sàn ju tiwa lọ. Ẹni tí òkúta ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kò ní ìpele rárá, tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìpele bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá bá lẹ́yìn ilé, kó má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó pe onímọ̀ ilẹ̀ kó wá wò ó kó tó gbé díga.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí, Bàbá, mo sì fi sàréè tó wà níwájú ilé bẹ̀ yín. Ẹ sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí Màmá lè máa sùn ní pálọ̀ títí òjò ọdún yìí á fi lọ. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sábẹ́ ibi tí ẹ gbẹ́ tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kódà kó jẹ́ adìẹ ló sá lọ síbẹ̀, ẹ fi adìẹ sílẹ̀. Mo ti bá onímọ̀ ilẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìlá sọ̀rọ̀, ó ní òun á gun ọ̀kadà wá wò ó ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Tí ó bá fọwọ́ sí i, kí Kúnlé dá gbogbo òkúta tó fọ́ padà sí ẹsẹ̀ àpáta ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, kó tò ó kó lè di etí atẹ tuntun, kó sì la ọ̀nà fún àgbàrá lókè kó lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kúnlé, ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ tí mo ní ó ń bọ̀ nìyẹn. Agbára tí o fi kó o kúrò kò tíì tán, wàá fi kó o padà.

Bàbá, mo mọ ohun tó ń dùn yín, kì í ṣe àpáta. Ẹ fẹ́ kí àdúgbò rí i pé ọmọ yín dé, pé ó ní yàrá tirẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Mo rí i, mo sì dúpẹ́, ojú mi ń ṣomi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí mo máa ń rò tí òtútù bá mú mi níbi iṣẹ́. N kì í ro yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni mò ń rò, ẹní tó wà níbẹ̀, àti ikọ́ yín tí mo máa ń gbọ́ láfẹ̀mọ́júmọ́, tí màá fi mọ̀ pé ẹ ti jí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mò ń bọ̀ wá sùn. Tóbi náà á sùn níbẹ̀, ọmọ òkè òkun kò ju ẹní lọ.

Mo sọ ọ́ níṣojú gbogbo ìlú: tí ẹ bá parí yàrá yẹn síbẹ̀, èmi àti ọmọ mi kò ní wọ̀ ọ́. Tí àpáta bá sì wó kí n tó dé, Bàbá, ta ni mo wá kí?

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín gbé Tóbi. Òkè tó yí ìlú wa ká kò ní di ọ̀tá wa. Màmá mi, mo kí yín lákìítúnkí. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí àwọn ará ìjọ, ẹ kí gbogbo ọmọ Ìgbájọ, Ìrèé àti Ìlá tó bá ka èyí, nílé àti lẹ́yìn odi.

Màá pè ní ọ̀sán Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbé e. Ẹ gbé e fúnra yín, ẹ má kí mi kú ìmọ̀. Ẹ kàn pè mí ní Àjọkẹ́, kí ẹ sì sọ fún mi pé díga ti wọlé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àjọkẹ́